Ètò 71 lórí láptọ́ọ̀pù kan: èwo ni kí n yọ, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ̀wé tí a sì ń ṣe fọ́tókọ́pì nílùú Òṣogbo. HP EliteBook 840 G3 tí mo rà ní tọ́kunbọ̀ ni mo ń lò, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Díìsìkì C ti pupa: nínú 119 GB, 3 GB péré ló kù. Mo ṣí ibi tí wọ́n to àwọn ètò sí, mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 71, mi ò sì mọ ìdajì wọn. Mavis Beacon tí wọ́n fi ń kọ́ títẹ̀wé wà níbẹ̀, Mobile Partner wà níbẹ̀, ańtífáírọ́ọ̀sì méjì, ètò pírìntà mẹ́ta tí méjì nínú àwọn pírìntà náà ti kú, CorelDRAW méjì tí a fi ń ya iṣẹ́ bíi pósítà, AnyDesk tí ẹńjiníà kan fi sí i, àti Microsoft Visual C++ mẹ́sàn-án. Ọmọ mi ní kí n yọ gbogbo Visual C++ yẹn, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Èwo ni kí n yọ? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó láptọ́ọ̀pù. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó sinmi ná. Ẹ̀rù tó bà yín yẹn ló kó yín yọ, torí bí ẹ bá yọ àwọn Visual C++ yẹn lónìí, ètò tí ẹ fi ń jẹun lè má ṣí fún yín lọ́la.

Ó ti ṣe mí rí. Oníbàárà kan tó ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ fáwọn iléèwé gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá pé kí n bá òun tún un ṣe. Mo rí Visual C++ 2005, 2008 àti 2010, mo ní kí lèyí ṣì ń ṣe níbí, mo yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tó fi pè mí: ètò tó fi ń tẹ káàdì kò ṣí mọ́, «The application has failed to start because its side-by-side configuration is incorrect» ló ń kọ sójú. Ta ló máa ka gbólóhùn yẹn tó máa mọ̀ pé Visual C++ 2008 ni kọ̀ǹpútà ń wá? Èmi gan-an ò tètè mọ̀. Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ ọlọ́jà fi dúró, àwọn iléèwé ń pè é, èmi ni mo sì san owó mọ́tò tó fi lọ tó fi bọ̀.

Ohun tí wọ́n jẹ́ rèé. Ẹni tó bá ń fi èdè C++ ti Microsoft kọ ètò kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo iṣẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń yá ti Microsoft lò, bí àwọn ayálégbé ṣe ń lo kànga kan náà nínú àgbàlá. Kànga yẹn ló ń jẹ́ Visual C++ Redistributable. Ètò tí wọ́n bá kọ nígbà ti 2008, omi 2008 ló ń mu. Bí ti 2010 kún dẹ́nu, kò kàn án. Láti 2015 ni Microsoft ti wá jẹ́ kí tuntun máa dáhùn fún ti àtẹ̀yìnwá, ìyẹn lẹ ṣe rí èyí tó ń jẹ́ 2015-2022 lódindi. Wọ́n sì máa ń wà ní x86 àti x64 torí pé ètò 32-bit àti 64-bit jọ ń gbé lórí Windows yín ni. Nítorí náà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ tún wo ìwọ̀n wọn: MB díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, wọn ò tó ìdajì GB kan. Ẹni tí ilé há mọ́ kì í ti ara kànga bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ .NET, Microsoft Edge WebView2 Runtime, àti ohunkóhun tí orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ Intel, Realtek tàbí Synaptics. Realtek ni ohùn, Synaptics ni ibi tí ẹ ń fi ìka ra bíi máúsì. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ó wá ku àwọn yòókù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé àtòjọ 71 tí ẹ kà yẹn kò sọ gbogbo òótọ́. Orúkọ ẹni tó wà nínú ilé ló ń kà fún yín. Kò sọ ẹni tó ti kó lọ tó sì fi ẹrù dí yàrá, kò sì mọ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ onílé àmọ́ tó ń sùn síbẹ̀ lálaalẹ́.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ appwiz.cpl, ẹ tẹ Enter. Ojú ìwé àtijọ́ tó ń jẹ́ Programs and Features ló máa ṣí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Settings lọ torí pé ó to orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ètò, ọjọ́ tó wọlé àti ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tẹ orí Size títí tí ńlá á fi wà lókè. Ẹ ti rí àwọn ńlá. Ó dáa, ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀, ẹ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú Size ti ṣófo.

Ìdí ni pé ìwọ̀n tí ẹ ń rí yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà Windows kọ́ ló wọ̀n ọ́n. Ètò náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ń wọlé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú Registry, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ Windows, bó ṣe sọ ọ́. Èyí tí kò sọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ á ṣófo. Èyí tó ní 200 MB ni òun lọ́jọ́ kìíní, kó tó wá kó 9 GB fáìlì jọ sínú fóódà míì, 200 MB náà ni àtòjọ á ṣì máa pè é. Ọjọ́ tó wà lábẹ́ Installed On náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ohun tí ẹ ń wá, torí ètò tó bá ṣe àtúnṣe lánàá lè máa fi ọjọ́ àná hàn, kí ẹ má sì tíì ṣí i láti ọdún tó kọjá.

Ẹ ò dárúkọ eré kankan nínú ohun tí ẹ kọ. Àmọ́ ẹ ní ọmọ, ọmọ náà sì mọ Visual C++. Mi ò fẹ́ pa irọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọdé tó bá mọ orúkọ yẹn, eré ló fi mọ̀ ọ́n, torí bí ẹ bá ń fi eré bọ́ọ̀lù tàbí eré mọ́tò sórí kọ̀ǹpútà, Visual C++ ló máa ń tẹ̀ lé e wọlé. Eré tí wọ́n sì fi fúláàṣì gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí wọ́n kàn da fóódà rẹ̀ sórí díìsìkì, kì í sí nínú àtòjọ kankan. Kò forúkọ sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ 20 GB tàbí 40 GB.

Ohun tó máa tú u fó ni WinDirStat. Ọ̀fẹ́ ni, lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é gan-an ni kí ẹ ti mú un, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń polówó mọ́ ọn lórí. Ẹ jẹ́ kó wo C láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á wá ya gbogbo fáìlì yín bí àpótí aláwọ̀ oríṣiríṣi. Bí fáìlì bá ṣe tóbi tó ni àpótí rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Ẹ tẹ àpótí tó tóbi jù, á sọ fóódà tó wà fún yín. Nínú ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, ohun mẹ́ta ni mo sábà máa ń bá: eré, fóódà Downloads tí àwọn oníbàárà ti ń fi WhatsApp rọ fáìlì sí látọdún gbọọrọ, àti fáìlì setup àwọn ètò tí ẹ ti fi sórí kọ̀ǹpútà tán. Fáìlì setup yẹn ni oríṣi kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ètò ti wọlé, ó ti jókòó, síbẹ̀ ẹ̀dá tó gbé e wá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú 3 GB rẹ̀. Ẹ kó ìyẹn sórí díìsìkì ìta tàbí kí ẹ pa á rẹ́.

Nípa 119 GB yẹn náà, ẹ má rò pé ẹni tó tà á rẹ́ yín jẹ. 128 GB ni ilé-iṣẹ́ kọ sára rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń kà, Windows ń fi 1,024 kà, ìyẹn ló jẹ́ kó di 119 lójú yín.

Ní báyìí, báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́? Àtòjọ Programs and Features kò sọ ìyẹn, ó sì jẹ́ ohun tí mò ń bá Microsoft jà lé lórí nínú ọkàn mi láti ọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ ibì kan wà tí Windows ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ẹ ṣí fóódà C:\Windows, kí ẹ wá ṣí Prefetch nínú rẹ̀. Á bi yín bóyá ẹ fẹ́ wọlé pẹ̀lú àṣẹ, ẹ tẹ Continue. Ẹ máa rí fáìlì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, tí orúkọ wọn parí sí .pf. Ìgbàkúùgbà tí ètò kan bá ṣí, Windows máa ń kọ àkọsílẹ̀ kékeré nípa rẹ̀ síbẹ̀ kó lè yára ṣí i nígbà mìíràn. Bí ẹ bá fi Date modified tò ó, ọjọ́ tí ètò náà ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ló máa kọjú sí yín. CORELDRW.EXE, tí nọ́ńbà àti lẹ́tà kan wá tẹ̀ lé e, CorelDRAW nìyẹn. Ẹ kàn wò ó. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀.

Ẹ fi ọgbọ́n ka ọjọ́ náà o. Ohun tó ń sọ ni ìgbà tí ètò ṣiṣẹ́. Kò sọ ẹni tó ṣí i. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí Mobile Partner pẹ̀lú ọjọ́ òní, aago mẹ́jọ àbọ̀ òwúrọ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé mọ́dẹ́ẹ̀mù tó wà fún ti sọnù láti ìgbà tí ẹ ti ra MiFi. Òun ló ń jí fúnra rẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá ti tàn. Nítorí náà ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ lọ sí Startup: èyí tó bá wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Enabled sí lára, ọjọ́ rẹ̀ nínú Prefetch kì í ṣe ẹ̀rí. Èyí tí kò sí nínú Startup, tí Prefetch sì ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ló ṣiṣẹ́ mọ, ìyẹn ni ẹ lè fura sí. Mo ní fura sí. Bí ẹ bá ní ètò ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò tí ẹ máa ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún àwọn iléèwé, oṣù mẹ́jọ kì í ṣe nǹkan kan fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú wọn bí ẹ ṣe dárúkọ wọn.

Mobile Partner, ẹ yọ ọ́ láìwẹ̀yìn. Huawei ló ṣe é fún mọ́dẹ́ẹ̀mù tí a ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà náà lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mọ́dẹ́ẹ̀mù bá tiẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kan, inú mọ́dẹ́ẹ̀mù gan-an ni wọ́n kó ètò náà sí. Bí ẹ bá kì í bọnú kọ̀ǹpútà, á yọ bíi sídì, ẹ lè tún un fi sí i. Kò sí ohun tí ẹ pàdánù.

Ańtífáírọ́ọ̀sì méjì nínú kọ̀ǹpútà kan dà bí ọdẹ méjì tí wọ́n gbà sí ẹnu géètì kan tí ẹnì kìíní ò mọ ẹnì kejì: ara wọn ni wọ́n máa ń mú. Fáìlì kan tí ẹ bá ṣí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó ṣí fún yín, ìyẹn gan-an sì wà nínú ohun tó ń mú kí kọ̀ǹpútà wúwo. Windows ní tirẹ̀, Defender, tó máa ń yẹ̀bá bí àlejò bá dé. Bí ẹ kò bá sanwó fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, tàbí tí owó ti tán lórí wọn, ẹ yọ méjèèjì, Defender á jí fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí Windows Security lẹ́yìn náà láti rí i pé ó ti jí. Ohun kan ni: ańtífáírọ́ọ̀sì kì í fẹ́ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ òun. Bí Uninstall kò bá tó o, McAfee, Norton àti Avast ní irinṣẹ́ tiwọn tí wọ́n ṣe fún yíyọ ara wọn. Orí ìkànnì wọn ló wà.

Ti pírìntà nílò sùúrù díẹ̀, torí ibi mẹ́ta ló máa ń jókòó sí. Ẹ yọ ètò rẹ̀ nínú Programs and Features. Ẹ lọ sí Settings, Devices, Printers & scanners, kí ẹ yọ orúkọ pírìntà tó ti kú. Ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ printui /s /t2. Gbogbo dáráífà pírìntà (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá pírìntà sọ̀rọ̀) tó ti wọ kọ̀ǹpútà náà rí ló máa to síwájú yín, tí ti ẹni tó kọ́kọ́ lò ó nílẹ̀ òkèèrè sì lè wà nínú wọn. Ẹ yọ ti àwọn òkú, ẹ fi ti alààyè sílẹ̀. Kò ní dá GB púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ á fi ìwé oníbàárà ránṣẹ́ sí pírìntà tí kò sí mọ́, tí ìwé á sì há sójú ọ̀nà, á dópin.

CorelDRAW méjì. Ẹ má tíì yọ ọ̀kankan. Tuntun lè ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi ti àtijọ́ ṣe, ti àtijọ́ kò lè ṣí iṣẹ́ tuntun, nítorí náà ti àtijọ́ ló máa lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ẹ mú iṣẹ́ márùn-ún tó ń mówó wọlé jù fún yín, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà òkú àgbà, ìwé owó, kí ẹ ṣí wọn nínú tuntun, kí ẹ sì tẹ̀ wọ́n jáde sórí bébà. Ojú ni kí ẹ fi ka ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì orí wọn. Mo ti rí ibi tí orúkọ olóògbé ti di àpótí òfìfo lára pósítà torí pé fọ́ńtì kan kò bá wọn kọjá. Bí ẹ bá fi àkántì wọlé sínú ti àtijọ́, ẹ jáde nínú rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́, kí láísẹ́ẹ̀sì má bàa há mọ́ ọn lára.

AnyDesk, ètò tí èèyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti ọ̀nà jíjìn, òun nìkan ni màá gbóhùn sókè lé lórí. Ẹni tó fi sí i lè jẹ́ ọmọlúàbí, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ máa tètè ràn yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ wá. Àmọ́ ètò yẹn ní ibi tí wọ́n ti lè fi pásíwọ́ọ̀dù sí i, Unattended Access ni orúkọ rẹ̀, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi máa wọlé sínú kọ̀ǹpútà yín láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ «Accept» níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín ní NIN àwọn èèyàn nínú, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Ohun tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́ ni. Ẹ yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún nílò ẹńjiníà, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti dá a padà, kí ẹ sì tún yọ ọ́ bó bá ti parí iṣẹ́.

Ẹ tún wò ó bóyá Flash Player, Silverlight tàbí QuickTime wà nínú 71 yẹn. Adobe ti pa Flash tì láti ìparí 2020, Microsoft pa Silverlight tì ní 2021, Apple sì ti fi QuickTime ti Windows sílẹ̀ láti 2016. Wọn kì í tóbi. Ewu ni wọ́n fi ń dúró: kò sẹ́ni tó ń dí ihò ara wọn mọ́. Skype náà, wọ́n ti tì í ní oṣù karùn-ún 2025. WinRAR tó ń tú fáìlì tí wọ́n dì pọ̀ ní tirẹ̀, ẹ má yọ ọ́ bí ẹ bá ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Kì í ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ihò kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn jàǹdùkú ń gbà wọlé tí wọ́n tó dí ní ẹ̀dà 6.23 ní 2023, wọ́n sì ti tún àwọn mìíràn dí lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń rí 5.0 lórí kọ̀ǹpútà oníṣọ́ọ̀bù dòní.

Ó wá kan bí ẹ ṣe máa yọ wọ́n. Ohun tí mo rí pé àwọn èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á fa àmì ètò tó wà lójú Desktop sínú Recycle Bin, wọ́n á ní àwọn ti yọ ọ́. Pátákó ara ilé lẹ yọ, onílé ṣì wà nínú yàrá. Àwọn míì á wọ Program Files, wọ́n á pa fóódà odindi rẹ́. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ètò tí ẹ fi agbára wó yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú Registry àti nínú Startup, orúkọ rẹ̀ á ṣì wà nínú àtòjọ, bí ẹ bá sì tẹ Uninstall, á ní òun kò rí fáìlì tí òun fẹ́ fi yọ ara òun. Ọ̀nà tó gbà wọlé ni kó gbà jáde.

Pẹ̀lú 3 GB tó kù yẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò rárá. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà sórí díìsìkì ìta. Ẹ wá kọ cleanmgr sínú àpótí ìwákiri, ẹ tẹ Run as administrator, ẹ yan C, kí ẹ mú Windows Update Cleanup àti Temporary files. Ẹ yọwọ́ nínú Downloads bó bá jáde níbẹ̀ tí ẹ kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí àyè bá ti ṣí díẹ̀, ẹ wá «Create a restore point». Lórí kọ̀ǹpútà tọ́kunbọ̀, ó sábà máa ń wà ní pípa. Ẹ yan C, ẹ tẹ Configure, ẹ tàn án, kí ẹ wá tẹ Create. Bí ohun kan bá bàjẹ́, ẹ lè dá Windows padà sí ọjọ́ yẹn. Kì í dá fáìlì oníbàárà padà o, ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ kọ́kọ́ kó wọn síta.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa yọ ètò kan, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ tẹ ìwé kan jáde, ẹ ṣí CorelDRAW. Kí ẹ tó mú òmíràn. Mo mọ̀ pé ó ń pẹ́. Bí ẹ bá yọ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà tí pírìntà wá dákẹ́, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ẹ máa fura sí. Ẹ fi ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ọjà bá tú, mẹ́ta lónìí, mẹ́ta lọ́la.

Ẹ ka ohun tí ẹ bá rí lójú kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn ètò kan máa ń fi ọgbọ́n àrékérekè béèrè, kí «Yes» wá túmọ̀ sí pé kí wọ́n dúró. Ètò àtijọ́ kan lè sọ pé fáìlì kan wà tí àwọn ètò mìíràn jọ ń lò, tó dà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́, ṣé kí òun pa á rẹ́? Ẹ tẹ No to All. Fáìlì yẹn kéré ju eékánná lọ, bó bá sì lọ tán, ó lè jẹ́ òun ni ètò mìíràn ń wá.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kí ẹ wá fi ètò kan tí yóò fọ Registry mọ́ tónítóní parí rẹ̀, ẹ kí i pé ó ṣeun. Ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ kò gba àyè tó ṣeé fojú rí, Microsoft fúnra wọn kò sì fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀. CCleaner ni èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù nínú wọn. Ní 2017, àwọn ọ̀daràn kó ohun burúkú sínú ẹ̀dà kan lára rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an, mílíọ̀nù méjì kọ̀ǹpútà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sì gbà á wọlé kí wọ́n tó mọ̀.

Ohun tí èyí kò ní tún ṣe fún yín rèé: Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, EliteBook 840 G3 kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n gbà fún Windows 11, ẹ̀yà kẹfà ni Intel inú rẹ̀. Bí owó bá yọjú, díìsìkì SSD tó ju 128 lọ kò wọ́n tó láptọ́ọ̀pù tuntun, àmọ́ ọ̀rọ̀ ààbò yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Bí WinDirStat bá fi fóódà C:\Windows\Installer hàn yín pé ó tó GB mélòó kan, ẹ má jẹ́ kó dán yín wò. Ibẹ̀ ni Windows kó ìwé tí ọ̀pọ̀ ètò fi ń yọ ara wọn àti tí wọ́n fi ń tún ara wọn ṣe sí.

Mavis Beacon ńkọ́? Ìyẹn, ẹ bi àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Bí Prefetch bá sọ pé lánàá ni wọ́n ṣí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.